Olè Tó Gbé Òróró Mọ́ Ríìlì

"Kí ẹ̀wà tí mo rà yìí tó tutù, màá ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí olè náà lọ́wọ́!"

Ìnspẹ́kítọ̀ Báyọ̀dé ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù atúnẹ̀rọṣe kan ní Dópẹ̀mù. Ó gbé ike ẹ̀wà lé Kọ́púrà Charity lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọ̀pá àṣẹ fún ìjòyè. Ó ní láti ọdún mẹ́tàdínlógún tóun ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, òun ò tíì na ìka sí aláìṣẹ̀ rí. Charity wo ẹ̀wà, ó wo ọ̀gá rẹ̀.

Ohun tí wọ́n jí kì í ṣe wúrà, kì í ṣe fàdákà. Ríìlì ni, irin ribiti tí wọ́n fi ń ká okùn ìpẹja, èyí tí bàbá oníbàárà kan tó ń jẹ́ Dáníẹ́lì fi bá ẹja òkun jà ní Badagry láyé ọjọ́un. Nígbà tí Dáníẹ́lì gbé e wá lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ débi pé kò yí mọ́. Abdulganiyy tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tú u sí wẹ́wẹ́. Ó rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha iyọ̀ kúrò láàárín eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gé awọ tuntun sí bíréèkì rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ àná ló parí iṣẹ́, tó ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àgádágodo ti wà nílẹ̀, wọ́n ti fayùn gé e. Ríìlì ti lọ.

"Ogún bàbá mi!" Dáníẹ́lì ló ń ké nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bó ṣe ń ti ìsìn àárọ̀ bọ̀. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa dúró máa wò mí nìyí?"

"Ẹ fara balẹ̀, bùrọ̀dá. Ọ̀gá Abdul, ta lojú ẹ̀ wọ ríìlì yìí?"

Abdulganiyy dorí kodò. "Mi ò fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o, sà. Ṣùgbọ́n Promise tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe lódìkejì, ó ní bí mi ò bá ṣọ́ra, òun á gbé e sá lálẹ́ ọjọ́ kan."

Ìnspẹ́kítọ̀ fò sókè. "Ẹ ò rí i? Ẹ̀wà ṣì ń yọ èéfín! Charity, lọ mú Promise wá!"

"Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, sà."

"Ó ti sá! Ẹni tó mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ kì í sá!"

"Kò sá, sà. Ó wà ní sẹ́ẹ̀lì wa. Ẹ̀yin lẹ tì í mọ́lé láti ọ̀sán àná, pé ó wò yín ní ìwòkuwò ní ibùdókọ̀ Command."

Àwọn tó pé lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ìnspẹ́kítọ̀ wúkọ́, ó ní kí wọ́n pe tẹ́ṣàn kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀wà rẹ̀.

"Ó ti tutù, sà," ni Charity wí.

Ìtìjú a máa la èèyàn lójú. Ìgbà yẹn gan-an ni Báyọ̀dé tó wo nǹkan tó wà níwájú rẹ̀. Ó mú àgádágodo nílẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Àpá eyín wà ní ìhà rẹ̀ méjèèjì bí ìgbà tí ajá bá gé egungun jẹ. Ó wo orí tábìlì, ó rí fáìsì, irin eléyín tí àwọn oníṣẹ́ fi ń di nǹkan mú.

"Kí lolè tún gbé?"

"Ìgò òróró ẹ̀rọ kan péré, sà," ni Abdulganiyy dáhùn.

"Jẹnẹrétọ̀ wà níbí, fóònù oníbàárà méjì wà níbí, òróró ló gbé?"

"Olè ò gbọ́n, sà. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?"

Ìnspẹ́kítọ̀ yíjú sí Dáníẹ́lì. "Kí lẹ fẹ́ fi ríìlì náà ṣe gan-an?"

"Màá kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ mi ní Òkè-Odò ni. Mo tiẹ̀ ti ra ọ̀dà aláwọ̀ góòlù tí màá fín sí i lára, kó lè máa dán."

Abdulganiyy kérora bí ẹni tó tẹ ìṣó mọ́lẹ̀. Ìnspẹ́kítọ̀ gbọ́ ọ, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ibẹ̀ ni Zulaihat, ìyàwó Abdulganiyy, gbé abọ́ oúnjẹ dé láti ilé wọn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá Sìkírátù, ẹ̀bà yín rèé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o! Ẹ̀bà lánàá, ẹ̀bà lónìí. Ẹ̀yin náà lẹ fokùn de garawa ìrẹsì, tẹ́ ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣé ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ìnspẹ́kítọ̀ gbé àgádágodo sílẹ̀.

"Ìyá Sìkírátù," Báyọ̀dé fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì ń wù mí jẹ."

Gbogbo wọn wọ́ tẹ̀ lé e wọlé. Ó tú okùn, ó ki ọwọ́ bọ ìrẹsì títí dé ìgúnpá, ó sì fa ríìlì jáde nínú aṣọ òwú gbígbẹ, ó ń dán gbinrin, òróró ń rùn lára rẹ̀.

"Àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn ò lè dénú fáìsì," ó bẹ̀rẹ̀. "Oníkọ́kọ́rọ́ ló ṣí i, tó há a mọ́ fáìsì, tó wá gé e. Olè á di ríìlì sínú ọ̀rá dúdú, ọ̀rinrin á pa á. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń fi ìrẹsì fa ọ̀rinrin kúrò lára ẹ̀, tó ń gbé òróró dání nítorí ọjọ́ iwájú. Ẹ tún wo bíréèkì: wọ́n ti dẹ̀ ẹ́, kí awọ má baà tẹ̀ pa. Ta ló ń rántí ìyẹn bí kò ṣe ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé awọ náà? Ìwọ Abdulganiyy! O sì fẹ́ kí n ti Promise mọ́lé láìṣẹ̀!"

"Ẹ ti tì í ná, sà," ni Charity wí.

"Mo gbé e!" Abdulganiyy figbe ta, ó fọwọ́ lu àyà. "Oṣù mẹ́rin! Eyín ẹ̀ kan, mo lè fi ọjọ́ méjì ha á! Ẹ̀rọ tó tún lè dojú kọ òkun, kí wọ́n wá fi ọ̀dà dí i nímú lórí ògiri? Mo ní kó jẹ́ kí n fi pẹja lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní rárá! Ìkà wo ló jùyẹn lọ?"

"Tèmi ni!" Dáníẹ́lì fò mọ́ ọn. "Bó bá wù mí, mo lè so ó mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn!"

"Torí irin!" Zulaihat náà gbiná. "Torí irin lẹ ṣe febi pa ọmọ mi!"

"Ó tó!" Ìnspẹ́kítọ̀ gbé ríìlì sókè bí ife ẹ̀yẹ. "Ẹ̀rí ni nǹkan yìí báyìí. Kò sẹ́ni tó máa kùn ún, kò sẹ́ni tó máa fi pẹja. Yàrá ẹ̀rí ní tẹ́ṣàn ló ń lọ títí adájọ́ á fi dájọ́, bó pé ọdún mẹ́ta, bó pé mẹ́rin. Ìjọba á tọ́jú ẹ̀ jù yín lọ."

"Òrùlé ibẹ̀ ń jò, sà," ni Charity wí.