Wáyà Ọjọ́ Ẹtì

Orí àga ni Oníwáyà ti kọ́kọ́ rí i, tó ń nu eruku orí kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni pé òun àti eruku jọ ní ìjà àtijọ́. Oníwáyà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà. Kọ̀ǹpútà ló wá wò ní yàrá fáìlì, ṣùgbọ́n akọ̀wé ibẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ara mi ni kọ̀ǹpútà wà ni?" obìnrin náà bi í.

Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò sí ọjọ́ Ẹtì tí Oníwáyà kì í rí nǹkan yẹ̀ wò níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Àfi bí bàbá obìnrin náà ṣe jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, tó sì ní ẹni tí kò lè tọ́jú wáyà kò lè tọ́jú ìyàwó. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta léraléra ni gbogbo kọ̀ǹpútà kú láàárọ̀, tí dókítà kò rí èsì àyẹ̀wò kankan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá ní bí Oníwáyà kò bá rí ìdí rẹ̀ kó tó di ọ̀sán, kó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó sì gbàgbé ọmọ òun.

Oníwáyà tọ wáyà láti yàrá dé yàrá, òógùn bò ó. Nígbà tó dé yàrá fáìlì, tó wo súwíìṣì, àpótí kékeré tí gbogbo wáyà ibẹ̀ ń wọ̀, ó rí ìdí rẹ̀. Orí méjèèjì wáyà kan wà nínú àpótí kan náà. Ọ̀rọ̀ tó bá gba orí kan jáde á gba ìkejì wọlé, á máa yí, á máa pọ̀, títí tí ọ̀nà á fi dí pa.

"Ta ló ki èyí bọ̀ ọ́?" ó bi akọ̀wé náà.

"Èmi ni. Dókítà máa ń yọ orí rẹ̀ kan lò lọ́sàn-án, á sì fi í sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo máa ń tún ibí ṣe láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kí o tó dé, kí o má bàa pè mí ní ọ̀bùn."

Oníwáyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nítorí òun ni gbogbo ilé ìwòsàn ṣe ń dákú!

Ó lọ bá Bàbá, ó ní ẹ̀bi òun ni. Kò purọ́: ó yẹ kó ti ṣètò súwíìṣì náà kó lè máa dí ihò tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá wọ̀ fúnra rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

Ẹnu ilẹ̀kùn náà ni ọmọ rẹ̀ gbà wọlé. "Bàbá, èmi ni mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ má lé e."

Bàbá wá ìjókòó. Ọmọ yìí fọ́ àwo lọ́mọ ọdún márùn-ún, ó ní ológbò ni. Kò gba ẹ̀bi rí láyé rẹ̀. Ó wo obìnrin, ó wo ọkùnrin.

"Ìwọ, kí lo ń wá gan-an?" ó bi Oníwáyà.

"Ọmọ yín ni, sà. Mo fẹ́ fi ṣe aya."

Bàbá dìde. "Ẹni tó lè mú kí ọmọ mi sọ pé 'èmi ni', n kò lè lé e. Ẹ jọ lọ tún un ṣe."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú jáde sí kọ́rídọ̀, lójú gbogbo àwọn aláìsàn.