Má-Kánjú Ti Jókòó Dè Mí

Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà náà, bàbá mi náà wà, àti ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀. Gbogbo wọn ló ti lọ. Èmi nìkan ló kù tó rántí bí ọkùnrin náà ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ìyá mi, pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ funfun rẹ̀ lápá.

Onígbàjámọ̀ ni. Má-kánjú ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá fẹ́ gé irun lọ́dọ̀ rẹ̀, kó ti jẹun kúrò nílé, torí kó tó gé ti ẹ̀yìn tán, ti iwájú á ti hù padà.

Ó dúró, ó ń wo bí mo ṣe ń lọ aṣọ.

"Ọwọ́ ẹ mà yá o. Ta ló ń lé ẹ?"

"Ẹ̀yin oníbàárà ni."

"Èmi ò lé ẹ. Mo lè dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Ó sì dúró lóòótọ́. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

A ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nígbà tí àwọn olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù aláago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní Má-kánjú ló la ọ̀nà fún wọn. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ. Lọ́yà rẹ̀, obìnrin kúkurú kan, ní ìdájọ́ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn á dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó wà níwájú wọn pọ̀ bí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni tiwa wà. Ọdún ń gorí ọdún. Bàbá mi ní kí n wá ẹlòmíràn. Mi ò bá a jiyàn, mi ò sì wá ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ wò ó, á ti jókòó sórí bẹ́ńṣì kí n tó wọlé. Tí a bá sọ̀rọ̀ tán, á ní kí èmi kọ́kọ́ jáde, pé oníbàárà ló ń fi onígbàjámọ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́yà bi mí bóyá ara rẹ̀ dá. Ó ní tó bá ń ṣàìsàn, òun lè bẹ àwọn adájọ́ kí wọ́n tètè gbọ́ tiwa. Mo ní ara rẹ̀ le koko.

Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé ìborùn mi sórí bẹ́ńṣì, mo padà. Àwọn wọ́dà méjì ló gbé e lápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà ti ń wú. Wọ́n gbé e jókòó padà.

"Ọkọ mi, kí ló dé tí o fi pa á mọ́ fún mi?"

"Bí o bá mọ̀, bàbá ẹ á mọ̀. Ta ló máa fi ọmọ fún ẹlẹ́wọ̀n tó tún ń ṣàìsàn?"

Mo lọ sọ fún lọ́yà. Ó bẹ àwọn adájọ́, wọ́n sì gbà. Wọ́n fa ọjọ́ wa wá sí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun á bá mi lọ sí kóòtù, kí òun lọ rí àna òun.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mò ń lọ ẹ̀wù funfun yẹn tó máa wọ̀ síwájú àwọn adájọ́, kí n tó lọ wò ó. Wọ́dà kan wọlé. Ibi tí Má-kánjú dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lòun náà dúró sí. Ìyá mi ló bi í pé kí ló dé.

Ó ní àárọ̀ yẹn ni Má-kánjú kú. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tètè gbé òun lọ sórí bẹ́ńṣì, kí n má baà dé bá òun lórí ìrìn. Ibẹ̀ ni wọ́n bá òkú rẹ̀ sí. Ó ti jókòó dè mí.

Apá ẹ̀wù kan ṣì kù tí mi ò tíì lọ. Mo lọ ọ́ tán.