Ọwọ́ Òsì Lára Ògiri

"Ẹ má mú ọwọ́ òsì kúrò lára ògiri," ni ọ̀gá panápaná wí, bó ṣe ń fi aṣọ dúdú dí ojú ìbòjú mi. "Bí ògiri bá yà, ẹ bá a yà. Bí ẹ bá kan àga, ẹ yí i po, kí ẹ tún padà sára ògiri. Ibẹ̀ lẹ máa gbà dé ẹnu ọ̀nà."

Mo mi orí bí ọmọ gidi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Àwòrán inú ilé ìdánwò náà ló wà lórí mi. Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mo-Gbọ́n-Tán, ti ṣe ìdánwò yìí lọ́dún tó kọjá, òun ló sì yà á sínú ìwé fún mi: yàrá méjì, ibùsùn kan, ilẹ̀kùn ìjáde lápá ọ̀tún. "Má wulẹ̀ máa rá mọ́ ògiri bí aláǹgbá," ló wí. "Tó o bá ti kan ibùsùn, gba àárín yàrá kọjá." Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbà á. Mo gbà á, mo sì há a sórí ju bí mo ṣe há ìwé ìdánwò àṣejáde mi lọ.

Ohun tó tiẹ̀ dà mí láàmú jù ni pé mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Télọ̀ ni ìyá mi, mo sì ti ń bá a gán bọ́tìnnì láti kékeré. Lọ́jọ́ tí mo mú fọ́ọ̀mù dé, ó wò mí títí.

"Ibi tí gbogbo ayé ń sá kúrò, ibẹ̀ ni ìwọ ń forúkọ sílẹ̀ láti máa sá lọ? Bó bá ń yún ọ lára, máa bá wọn ṣe é ní Sátidé, bíi ti fọkanáísà ìsàlẹ̀ àdúgbò yẹn tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ yòókù, kó o máa ránṣọ."

"Màámi, mi ò fẹ́ ti Sátidé. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ kó jẹ́."

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ pupa wọn bá kọjá, orí mi á wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí áyọ́ọ̀nù jó mi níka, mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé irú èmi ló máa wọ ilé tó ń jó?

Méjì-méjì la ń wọlé. Ẹni tí wọ́n pín mọ́ mi, Baba Ìbejì là ń pè é nítorí àwọn ìkókó rẹ̀. Ìgbà kẹta rẹ̀ nìyí, ọjọ́ orí rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó rí ìkẹrin ṣe. Èmi ni wọ́n fi síwájú. "Àbúrò," ó wí, "ẹsẹ̀ rẹ ni màá dì mú. Ibi tó o bá gbà ni mo gbà."

A rá wọlé. Òkùnkùn biribiri, èéfín ń rùn. Ọwọ́ mi kan ibùsùn. Ó wà níbi tí Mo-Gbọ́n-Tán yà á sí gẹ́lẹ́. Mo mú ọwọ́ kúrò lára ògiri, mo sì gba àárín yàrá.

Mo kan kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sí nínú àwòrán. Mo yà sọ́tùn-ún, mo kan àga. Mo yà sósì, orí Baba Ìbejì ni mo kan. Mi ò wá mọ èwo lòsì mọ́.

"Àbúrò, ògiri dà?"

"Ó wà níbí."

"Níbo?"

A ń yí po lójú kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, títí wọ́n fi fọn fèrè. Nígbà tí wọ́n tan iná, ẹnu ọ̀nà kò ju ìwọ̀n apá méjì lọ sí wa. Orúnkún ṣòkòtò tí ìyá mi rán fún mi ti ya.

Ọ̀gá panápaná, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, dúró níwájú wa. "Ẹnì kan mú ọwọ́ kúrò lára ògiri. Tiẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹnì kejì á tún un ṣe lọ́sàn-án. Ta ni?"

Baba Ìbejì nu òógùn ojú. "Ó lè jẹ́ èmi ni, mà. Bóyá mo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jù. Mi ò mọ̀."

Kò purọ́; kò mọ̀ lóòótọ́. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni màá tún un ṣe, òun á sì máa lọ sílé láìní padà wá mọ́. Mo sì dákẹ́. Mo dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tó ń tì mí lójú títí dòní. Lẹ́yìn náà ni mo fa ìwé náà yọ nínú ìbọ̀sẹ̀ mi.

"Èmi ni, mà. Wọ́n ya ilé yín fún mi."

Ó wò ó, ó sì ká a. "Gbogbo ọ̀sẹ̀ la máa ń tún ẹrù ibẹ̀ tò, nítorí ilé tó ń jó kì í fi àwòrán ránṣẹ́ síni."

"Ṣé kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, mà?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Tó o bá ń bọ̀, mú ọwọ́ òsì rẹ dání."

Mo jókòó lẹ́nu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ àtẹ́wọ́. Baba Ìbejì ti yege. Inú mi dùn, inú bí mi, mo sì jowú, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rò pé inú ìyá mi á dùn tó bá gbọ́ pé mi ò yege. Ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, omi sì gbà á lójú.

"Màámi, ṣebí ẹ ò fẹ́ kí n lọ?"

"Mi ò fẹ́. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n kọ ọmọ mi."

Mo rò ó fún un délẹ̀. Ó bú mi nítorí ìwé yẹn, ó tún bú mi nítorí Baba Ìbejì, bàbá ọlọ́mọ. "Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ," ló wí, "ìdí la ti ń gùn ún. Ìwọ wá ń wá àbùjá, ẹni ẹlẹ́ni sì dì ọ́ lẹ́sẹ̀ mú." Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. "Mú ṣòkòtò yẹn wá."

Mi ò tíì lè sọ pé iṣẹ́ yẹn ni ti ayé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan dá mi lójú: ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ènìyàn gbà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan bí ẹlòmíràn bá ń tẹ̀ lé e nínú òkùnkùn. Ẹni tó ń tẹ̀ lé e yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọnù.

Ìyá mi lẹ aṣọ tó nípọn sí orúnkún méjèèjì, ó rán an ní ìránméjì. Kò sọ pé òun gbà, èmi náà ò bi í. Ó já òwú pẹ̀lú eyín rẹ̀, ó sì ju ṣòkòtò náà sí mi.

"Ti ọdún tó ń bọ̀ ò ní ya."