Sàlámátù Inú Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ó gbá rẹ́kọ́ọ̀dù kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ọsibítù, òjò Peckham sì ń rọ̀ lé e lórí. Ó ti bọ́ kóòtù ara rẹ̀, òun ló fi wé rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Híjáàbù rẹ̀, sátíìnì elése-àlùkò, ti rin gbingbin, omi ń kán láti etí rẹ̀ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ kà á sí.

Habeebullah Àjíṣafẹ́ wà lẹ́yìn káńtà, ó ń pààrọ̀ ojú fóònù kan tó fọ́. Ó gbójú sókè. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wulẹ̀ bi mí ní ohun tó rí tí sìkúrúdíráfà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó lè tú fóònù palẹ̀ kó tún un tò láìwo ojú ẹ̀, kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ èyí?"

Gilbert, ọmọ Ghana tó ni ṣọ́ọ̀bù, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní fóònù làwọn ń tún ṣe ní Rye Lane níbí, àwọn ò ṣí mùsíọ́ọ̀mù.

"Mo ní i nílé," ni Habeebullah wí kíá. "Méjì gan-an ni mo ní."

"Méjì? Ṣé etí kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ ni?"

"Orin ni mo fi ń ṣe, nínú yàrá mi. Sìkíráàṣì. Mo máa ń gbọ́wọ́ lé rẹ́kọ́ọ̀dù bó ṣe ń yí, màá fà á síwá, màá fà á sẹ́yìn, ohùn inú ẹ̀ á máa ké wíkí-wíkí."

"O wá ń fìyà jẹ ẹ́."

"Rárá o. Mò ń bá a ṣeré ni."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí fún Habeebullah níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Àmírà Mákánjúọlá, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní nọ́sìrì kan ní Bermondsey. Bàbá rẹ̀ ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Olórin wákà kan ní Ìwó ló kọ ọ́ láyé àtijọ́, bí wọ́n sì ti máa ń ki àwọn ẹni ẹlẹ́ni nínú orin nígbà náà, ó dárúkọ ìyá bàbá Àmírà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Sàlámátù Àwẹ̀ró, aláró. Ìyá yìí ò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò títí tó fi kú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà sì fọ́ nígbà tí wọ́n ń kó wọn kúrò ní North Peckham Estate kí wọ́n tó wó o. Wọn ò tí ì bí Àmírà nígbà náà, kò gbọ́ ọ rí láyé ẹ̀.

"Bá mi gbé e sínú fóònù," ni Àmírà wí. "Ọjọ́ Iléyá ni mo fẹ́ fi ya Dádì lẹ́nu. Rẹ́kọ́ọ̀dù yìí nìkan ló kù tí wọ́n fi ń rántí ìyá wọn o. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é."

"Kò sí nǹkan tó máa ṣe é."

Ẹ ò rí i bí ẹnu ọ̀dọ́ ti máa ń yá tó.

Ó yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì kó dá rẹ́kọ́ọ̀dù padà. Àmọ́ tó bá dá a padà, kí ló tún fẹ́ máa torí ẹ̀ pe Àmírà? Ló bá ní eruku pọ̀ lára ẹ̀, òun ní láti kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Irọ́ kọ́, àmọ́ fífọ̀ náà pẹ́ ju ìfọṣọ odidi agboolé lọ. Àmírà sì ń wá wo bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Bó bá ti dé, Aunty Kúbúrá, ìyá Habeebullah, á mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, á jókòó sí pálọ̀ níbi tó ti lè máa wo yàrá ọmọ rẹ̀ gbangba. Tó bá gbọ́ tí ẹ̀rín wọn pẹ́ díẹ̀, á ké láti ibẹ̀ pé, "Ilẹ̀kùn!"

"Ó wà ní ṣíṣí, Mọ́mì!"

Habeebullah mú ògbólógbòó rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí kò wúlò fún ẹnì kankan, ó fi kọ́ Àmírà. "Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fa rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọwọ́ òsì wà lórí bọ́tìnì tó ń ṣí ohùn. Tó o bá ti ń tì í síwá, ṣí i. Tó o bá fẹ́ fà á padà, pa á dé."

"Bí ilẹ̀kùn Mọ́mì ẹ."

"Ti Mọ́mì kì í padé rárá."

Aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni kì í jẹ́ kó yọ̀ dáadáa. Nígbà tí Àmírà tún wá, ó ti gé nǹkan róbótó lára híjáàbù elése-àlùkò ọjọ́sí. "Òjò ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀. Fi sábẹ́ ẹ̀." Rẹ́kọ́ọ̀dù yọ̀ lórí sátíìnì bí ilá. Habeebullah wo aṣọ náà, ó wo ẹni tó gé e, ìfẹ́ ọmọ yẹn sì wọ̀ ọ́ dé mùdùnmúdùn.

"Mo fẹ́ràn ẹ o," ló sọ wẹ́rẹ́.

"Mo mọ̀. Ta ló ń fi oṣù kan fọ rẹ́kọ́ọ̀dù?" Lẹ́yìn náà ojú Àmírà rọ̀. "Èmi náà fẹ́ràn ẹ. Àmọ́ Dádì ò fẹ́ràn olórin o. Wọ́n ní olórin a máa fi orúkọ olórúkọ jẹun."

"Àwọn náà ló ń tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ìyá wọn nìyẹn."

Ọ̀sán Sátidé kan ni wàhálà dé. Habeebullah gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Àlhájì, bàbá Àmírà, sórí ẹ̀rọ, ó ní lónìí òun á gbé e sínú kọ̀ǹpútà dandan. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kó máa kọrin kó lè wọn bí ohùn ṣe le tó. Kò tí ì tẹ bọ́tìnì tó ń gba ohùn sílẹ̀ tí olórin fi dé ibẹ̀: "Sàlámátù Àwẹ̀ró."

Há, "Sà" yẹn! Gbogbo ẹni tó ń ṣe sìkíráàṣì ló mọ̀ pé ohùn tó bá fi irú ìró bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń gé bí abẹ. Habeebullah ti wá irú ẹ̀ títí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa fà á wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹni tó tọ́ oyin wò náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní lọ́kàn. Ó fà á síwá, ó fà á sẹ́yìn, Sà, Sà-Sà, ó to ìlù sábẹ́ ẹ̀, ó gba ìyẹn sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é kó wá kírun Àsárì, ó ní òun ń bọ̀. Orin náà dùn ju gbogbo ohun tó ti ṣe rí lọ, orí rẹ̀ wú.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá rántí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Orin ń lọ geere. Nígbà tó dé ibi orúkọ, ṣáàà ló gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná. Ó nu abẹ́rẹ́, ó tún un fi sí i. Ṣáàà náà ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn lójú kan a máa jẹ ojú ibẹ̀ run, ìdí tí àwọn oníṣẹ́ yìí fi ń ní rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń fi í ṣe nìyẹn. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé òun náà mọ̀.

Kò sí orúkọ náà níbòmíràn. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, Sà, Sà, Sà lásán ni, kò parí síbì kankan.

Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kó lè jẹun. Iléyá ti ń súnmọ́, Àmírà sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé, "Ṣé Màmá ti wẹ̀ tán?" Á dá a lóhùn pé, "Ó kù díẹ̀." Ó kù díẹ̀ kí ni? Ó wá ń gé ohùn olórin náà kéékèèké láti ibòmíràn nínú orin, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó fa èyí gùn, ó rẹ ìyẹn sílẹ̀, títí tó fi jọ Sàlámátù. Ó jọ ọ́ dáadáa. Ó rò ó pé Àlhájì ti darúgbó, ó ti pẹ́ tó gbọ́ ọ kẹ́yìn, bóyá kò ní mọ̀.

Aunty Kúbúrá ń kọjá lọ síbi shift rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló ń pe èèyàn báyẹn?"

"Orin ni, Mọ́mì."

"Ó dà bí ẹni tí ò mọ ẹni tó ń pè." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Habeebullah jókòó síbẹ̀, ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò ọbẹ̀. Ó pa ayédèrú náà rẹ́.

Orí bẹ́ǹṣì kan ní Peckham Rye ló ti sọ fún Àmírà. Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tí Habeebullah na rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí i, ẹ̀rín náà kú.

"O fi ìyá bàbá mi ṣeré."

"Àmírà, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run."

"Mo sọ fún ẹ kí nǹkan kan má ṣe é. Mo sọ fún ẹ, Habeeb." Ó gba rẹ́kọ́ọ̀dù, ó tún bọ́ kóòtù rẹ̀ fi wé e, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. "Má pè mí mọ́."

Kò pè é. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí bó ṣe ń wo fóònù. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ ojú fóònù ẹni ẹlẹ́ni mọ́ ti ẹlòmíràn, Gilbert ní ṣé ara rẹ̀ yá. Tí fóònù bá ti dún, á sáré gbé e. Ó ń rò ó pé bóyá wọ́n ti sọ fún bàbá náà, bóyá ó ti ṣépè fún òun. Ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni fóònù wá dún lóòótọ́, nọ́ńbà tí kò mọ̀.

"Ìwọ ni Habeebullah?"

"Èmi ni, sà."

"Bàbá Àmírà ni. Gbé ẹ̀rọ ẹ, kó o máa bọ̀ ní Sydenham." Ó pa á.

"Wọn ò tiẹ̀ sálámà sí ẹ?" ni Aunty Kúbúrá wí, ó dìde. "Jẹ́ kí n tẹ̀ lé ẹ."

"Rárá, Mọ́mì. Èmi ni mo ṣe é."

Ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Ó ń gbàdúrà kí ọ̀nà dí, àmọ́ gbogbo iná títì ló ń tàn gírìnì lójú wọn. Kí ó tó mọ̀, ó ti wà ní pálọ̀ Àlhájì Mákánjúọlá, àgbàlagbà tó wa bọ́ọ̀sì London títí tó fi fẹ̀yìn tì. Àmírà dúró létí fèrèsé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Habeebullah dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Fi sí i."

Ó tẹ́ sátíìnì elése-àlùkò náà, ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lé e. Àmírà rí aṣọ yẹn, ó yíjú padà kíá. Orin bẹ̀rẹ̀. Àlhájì di ojú, ó ń mi orí. Habeebullah mọ ibi tí orin ń lọ, ó dà bíi kó fò mọ́ ẹ̀rọ náà kó dá a dúró. Ó dé ibẹ̀. Ṣáàà.

Àlhájì sì yanu, nínú ariwo yẹn gan-an.

"Sàlámátù Àwẹ̀ró! Ọmọ aláró Ìwó. Adú lọ́wọ́ má dú nínú. Ìyá tó rẹ aṣọ gbogbo ìlú láró, tó wọ funfun tiẹ̀ lọ bá Ọlọ́run ẹ̀. Ìyá mi o!"

Orin kọjá lọ, ó parí. Omijé ń ṣàn lójú Àmírà. "Dádì, mi ò mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ta ló bi mí?" ni bàbá rẹ̀ wí. "Gbogbo yín ń pariwo rẹ́kọ́ọ̀dù, rẹ́kọ́ọ̀dù. Èmi tí wọ́n bí, ta ló bi mí?"

Habeebullah di orí mú. Ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láyé ti ṣẹlẹ̀, kò sì gbà á sílẹ̀! Ìbẹ̀rù kó tún ba nǹkan jẹ́ ni kò jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Àmírà na fóònù rẹ̀ sí i. Ó ti tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀.

"Mo ní inú fóònù ni mo fẹ́ ẹ sí, àbí mi ò wí bẹ́ẹ̀?" ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì wò ó lójú nígbà tó ń sọ ọ́.

"Kò tán o," ni Àlhájì wí. "Èyí tó o fi ìyá mi ṣe, jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Kò sí ibi tí ọmọ náà fẹ́ sá gbà. Ó tan orin náà. Sà, Sà-Sà, Sà. Àlhájì tẹ́tí títí tó fi parí.

"Ó dùn. Àmọ́ ó ń pè é, kò pè é tán. Èèyàn kì í pe ìyá ẹni ní ààbọ̀. Mú ohùn mi, kó o fi parí ẹ̀." Ó sún síwájú lórí àga. "Ọmọ mi yìí náà ńkọ́? Ó ti pẹ́ tó ti ń wá sílé yín. Mi ò rí ìyá ẹ, mi ò rí bùọ̀dá ẹ kan. Ṣé ààbọ̀ lo fẹ́ máa pe òun náà?"

"Rárá, sà. Tí ẹ bá gbà, Mọ́mì mi á mú àwọn èèyàn wa wá kí yín lẹ́yìn Iléyá. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, sà."

"Ṣé o mọ orúkọ ẹ̀ tán?"

"Àmírà Mákánjúọlá ni, sà."

"Kò tán. Àwẹ̀ró ni oríkì ẹ̀. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ni mo ti pè é mọ, ẹkún ni kì í jẹ́ kí n lè pè é." Àmírà yíjú sí bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí.

Àwọn èèyàn Àjíṣafẹ́ wá, wọ́n gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ọjọ́ yìgì ní mọ́sálásí, lémọ́ọ̀mù na máìkì sí ọkọ ìyàwó. Habeebullah gbà á. "Mo gba À..." Ohùn rẹ̀ há. Àlhájì ranjú mọ́ ọn, Aunty Kúbúrá ti ń ka ohun gbogbo tó mọ̀ sínú. Ọmọ náà mí kanlẹ̀.

"Mo gba Àmírà Àwẹ̀ró, ọmọ Mákánjúọlá, ọmọ ọmọ Sàlámátù Àwẹ̀ró aláró Ìwó, ní aya mi."

Láti apá àwọn obìnrin, Àmírà bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, tọkọtaya jókòó ti ẹ̀rọ méjèèjì nínú yàrá Peckham, wọ́n ń gbọ́ orin náà, tó ń ké Sà, Sà-Sà, tí ohùn Àlhájì sì wá ń bọ́ sí i láti pe orúkọ náà délẹ̀. Ẹ̀rín wọn pẹ́. Wọ́n ń dúró kí wọ́n gbọ́ "Ilẹ̀kùn!" Aunty Kúbúrá dìde láti pálọ̀, ó wá, kò wo inú yàrá, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ilẹ̀kùn náà dé.