Tẹlifóònù Abẹ́ Omi

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, n kò fi iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá Hathersage, ọ̀gá ọkọ̀ wa, lọ sí Gosport, ìlú etíkun tí ọkọ̀ wa ti ń gbéra. Òun náà gbọ́ ọ. Kò kàn ní bá yín sọ ọ́ ni.

Inú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni mo ti ṣiṣẹ́. Etí ni iṣẹ́ mi: èmi ni mo máa ń gbọ́ ohun tó ń lọ nínú òkun. Iṣẹ́ yìí náà ni Jory ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣáájú mi. Ọkọ̀ tirẹ̀ rì nígbà ogun, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá wa ń bi mí nígbàkígbà tí mo bá délé: ṣé wọ́n kú lójijì ni, àbí wọ́n jókòó sísàlẹ̀ tí wọ́n ń retí wa? N kò mọ èsì rẹ̀. Ó ti sú mi kí n máa wolẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí, a wà lábẹ́ omi fún ìdánrawò, ọkọ̀ ogun kan sì ń wá wa kiri lókè. Bí eré náà bá parí, àwọn tòkè á ju bọ́ǹbù kéékèèké sómi. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ò ju pé ká máa bọ̀ lókè lọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mo wá gbọ́ èémí nínú tẹlifóònù abẹ́ omi, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nínú òkun. Èémí ènìyàn púpọ̀ ni.

Mo pe Hathersage. Ó ní àwọn tòkè ni. Mo ní ìsàlẹ̀ wa ló ti ń wá.

“Pascoe, ẹrẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀ wa.”

“Ọ̀gá, ẹ wá gbọ́ ọ fúnra yín.”

Ó gbọ́ ọ. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ wa míì wà lágbègbè náà. Wọ́n ní kò sí. Ó ní n kò gbọdọ̀ dá a lóhùn.

Ìgbà náà ni bọ́ǹbù dún. Gbì. Gbì. Gbì. Cudlip, agbọ́únjẹ wa, ní bíà Gosport ti ń pe òun. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ohùn kan sì jáde látinú tẹlifóònù, ó rọra ń fà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwa lẹ ń pè?”

Ẹ̀rín dá. Mo na ọwọ́ sí tẹlifóònù. Hathersage di ọwọ́ mi mú.

“Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi lè wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

Ohùn náà tún béèrè. Hathersage pa tẹlifóònù, a sì gòkè.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ni mo bẹ àwọn ọ̀gá ológun ojú omi kí wọ́n lọ wá ibẹ̀ wò. Wọ́n fún mi ní tíì. Wọ́n ní omi máa ń tan etí jẹ, wọ́n sì ní kí n lọ sinmi. Inú bí mi débi pé n kò lè sùn.

Nígbà tí Hathersage fẹ̀yìn tì, mo lọ bá a nínú ọgbà rẹ̀. Mo bú u dáadáa. Ó ń gé òdòdó rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ tán, ó gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀.

“Ká ní mo jẹ́ kí o dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà,” ó ní, “kí lò bá sọ fún wọn?”

Mo la ẹnu. Mo dúró síbẹ̀ títí, òun náà sì dúró, ó ń retí ohun tí mo fẹ́ sọ.