Ẹ Má Pa Lékèélékèé Àwáwù

Àwáwù ni orúkọ rẹ̀. Ilé bàbá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, nílùú Ṣakí, lẹ́bàá àpáta ńlá kan.

Láràárọ̀, kí Àwáwù tó bọ́jú tán, á ti gbọ́ ẹwìrì lẹ́yìn ilé. Fìn-ìn! Fìn-ìn! Bọ̀ọ̀dá Jẹ́ẹ́dé, ọmọ iṣẹ́ Bàbá Àgbà, ló ń fi ẹwìrì fẹ́ná. Bàbá Àgbà ló ń fi iná náà yọ́ idẹ.

Kí ni Bàbá Àgbà kì í fi idẹ ṣe? Wọ́n ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ fún ìyàwó. Wọ́n ń ṣe ṣaworo fún ọrùn ẹṣin. Ẹnìkan wá láti Ìlerò, ó ní ẹkùn tó ń rẹ́rìn-ín ni òun fẹ́. Wọ́n ṣe é fún un. Ẹkùn tó ń rẹ́rìn-ín! Èmi ò rí irú ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Àgbà mú ìda oyin. Wọ́n pò ó, wọ́n fà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìda di ẹsẹ̀. Ìda di ìyẹ́. Ìda di ọrùn gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́.

Lékèélékèé ni, irú èyí tó máa ń tẹ̀ lé màlúù kiri. Àmọ́ lékèélékèé inú pápá funfun. Èyí pọ́n bí àkàrà.

Àwáwù fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Gbogbo àlá tó bá lá ló ń rọ́ fún un, wúyẹ́wúyẹ́. Lékèélékèé ń gbọ́. Kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwáwù wà lẹ́yìn ògiri. Bàbá Àgbà ń bá Bọ̀ọ̀dá Jẹ́ẹ́dé sọ̀rọ̀.

"Tó bá di ọ̀sán, mo máa pa lékèélékèé yẹn..."

Fìn-ìn! Ẹwìrì gbé ọ̀rọ̀ tó kù lọ.

Àyà Àwáwù já. Pàà! Bàbá Àgbà fẹ́ pa lékèélékèé? Kí ló ṣe? Kò jẹ àgbàdo ẹnì kankan.

Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó gbé lékèélékèé sábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó di orí àpáta.

Ó gbé e sínú kòtò kékeré kan, ó fi ewé bò ó. Ó ní kó má mira, òun ń bọ̀. Ló bá gba ilé kéú lọ.

Nílé kéú, wọ́n ń ké alífù, wọ́n ń ké báà. Ẹnu Àwáwù ń ké e, àmọ́ ọkàn rẹ̀ wà lórí àpáta.

Oòrùn sì ń gòkè bọ̀. Oòrùn Ṣakí! Ẹni tí kò bá wọ bàtà kì í gun àpáta lọ́sàn-án.

Àwáwù padà dé, ó ṣí ewé. Yéè. Ìda ti rọ̀. Ọrùn gígùn yẹn ti tẹ̀, ó tẹ̀, ó tẹ̀, orí ti dé ẹ̀yìn.

Àwáwù fi ewé gbé e. Ó ń sunkún, ó ń sáré. Pa, pa, pa! Àpáta ń jó o lẹ́sẹ̀.

Bàbá Àgbà ti wá ẹyẹ wọn títí. Wọ́n ti wo abẹ́ àga, wọ́n ti wo inú garawa, wọ́n ti fẹ̀sùn kan ewúrẹ́.

"Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á," ni Àwáwù wí. "Mo gbé e pamọ́ kẹ́ ẹ má baà pa á, oòrùn wá bà á jẹ́."

"Ta ló ní mo fẹ́ pa á?"

"Ẹ̀yin ni. Mo fetí mi gbọ́ ọ."

Bàbá Àgbà ro ó, ro ó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Pípa kọ́, ọmọ mi. Mo ní mo máa pa á mọ́! Màá pa á mọ́ sínú amọ̀, kí ìda lè di idẹ."

Àwọn àgbà máa ń ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ti Àwáwù dénú rẹ̀, ó di ẹkún!

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn lékèélékèé. Bàbá Àgbà rọra fẹ́ gbé orí rẹ̀ sókè. Pẹ́! Ọrùn fẹ́ kán. Bàbá Àgbà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n ní àfi kí àwọn yọ́ ìda náà, kí àwọn fi mọ òmíràn.

Òmíràn kẹ̀? Àwáwù ò fẹ́ òmíràn. Èyí ló mọ gbogbo àlá rẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ẹyẹ náà. Orí wà lórí ẹ̀yìn. Ẹnu ṣóńṣó wà lábẹ́ ìyẹ́.

"Bàbá Àgbà," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "ó ń sùn ni. Ẹ má jẹ́ ká jí i."

Bàbá Àgbà wo ẹyẹ, wọ́n wo ọmọ. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń mọ ẹyẹ, àwọn ò mọ èyí tó ń sùn rí.

Wọ́n ní kó lọ bu omi tútù wá. Àwáwù bu omi inú àmù, ó ń wọ́n ọn sí i lára díẹ̀díẹ̀, títí ìda fi le.

Wọ́n fi amọ̀ bo ẹyẹ, wọ́n dá ihò kékeré kan sí i. Amọ̀ gbẹ. Wọ́n gbé e síná. Ìda yọ́, ó ń gba ihò náà jáde. Tó, tó, tó. Àwáwù di aṣọ Bàbá Àgbà mú.

Fìn-ìn! Fìn-ìn! Idẹ yọ́, ó ń ṣàn bí oyin. Bàbá Àgbà dà á sínú ihò náà, ó kún ààyè tí ìda fi sílẹ̀. Ṣọ́ọ́ọ́.

Wọ́n dúró kó tutù. Bàbá Àgbà wá gbé òòlù kékeré lé Àwáwù lọ́wọ́. Kó! Kó! Kó! Amọ̀ fọ́.

Lékèélékèé wà níbẹ̀. Ó dúdú. Àwáwù fi iyanrìn ha á, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ó ṣì ń sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àwáwù wọ bàtà. Ó gbé e gun orí àpáta. Kò fi ewé bò ó.

Oòrùn ràn. Lékèélékèé ò rọ̀. Oòrùn ràn, ó ràn, ó ràn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó bá lọ wọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Àwọn lékèélékèé funfun ń fò bọ̀ wálé, wọ́n pọ̀ lójú ọ̀run. Àwáwù nawọ́ sí wọn.

"Ẹ rọra kọjá o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Àbúrò yín ń sùn."