Ìkànnì tí Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n Rà, tí Wọ́n sì Tì

Lórí ìkúnlẹ̀ ni ọkùnrin náà wà nígbà tí Halya Semchuk kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀ sáàárín pápá yìnyín àdúgbò, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ọwọ́ lásán rọ yìnyín tí ó pò mọ́ omi sí ojú ibi tí pápá ti là. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ dán an, bí ìyá tí ń fi ìpara ra ọmọ lára. Oòrùn ọ̀sán ń ràn, ṣùgbọ́n kò mú ooru kankan wá. Òtútù ọjọ́ náà tó ohun tí í mú kí omijé dì sójú ẹni.

Halya fi bàtà yìnyín rẹ̀ yọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìbọ̀wọ́ yín ṣe fún yín?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun. "Ìbọ̀wọ́ ò mọ ibi tó dán yàtọ̀ síbi tó rí págunpàgun. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ kan bá kọsẹ̀ níbí lọ́la, eyín ló máa fi jìyà rẹ̀."

"Bí ìka yín bá wá já ńkọ́?"

"Ẹ ó bá mi ṣà á nìyẹn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Halya kí ó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i gbẹ̀yìn.

Nínú ahéré tí àwọn ènìyàn ti ń wọ bàtà, wọ́n mu tíì. Ọkùnrin náà ní Corwin Thiessen ni orúkọ òun, ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n ni òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ṣírò owó àwọn eléré họ́kì orí yìnyín wọn. Tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ pá Halya lórí.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Iṣẹ́ kan náà ni èmi pẹ̀lú yín ń ṣe. Èmi ni mo ni Ojú Gbèdéke."

Corwin rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Irọ́ o! Àràárọ̀ ni mò ń ka ìkànnì yẹn, kí n tó wọ ṣòkòtò pàápàá."

"Ẹ ò bá má fi ti ṣòkòtò kún un."

Kò sí olólùfẹ́ họ́kì kan ní Saskatoon, ìlú wọn ní Kánádà, tí kò mọ Ojú Gbèdéke. Nínú ìdíje họ́kì ńlá tí Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n ń kópa nínú rẹ̀, gbèdéke wà lórí owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn eléré rẹ̀ lọ́dún. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sún mọ́ gbèdéke náà kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí eléré ààyò rẹ̀ lọ. Ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí ló ń là á yé tolówó tòtòṣì láìgba kọ́bọ̀. Halya àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ lórí tábìlì ìdáná. Bàbá ti kú báyìí, Halya nìkan ló kù nídìí rẹ̀. Nígbà mìíràn, bí ó bá ń tún ìṣirò kan ṣe, a máa ṣe é bí ẹni pé bàbá dúró lẹ́yìn òun, tí ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Tún un wò, ọmọ mi."

Kí yìnyín tó yọ́ lójú odò, "ẹ̀yin" ti di "ìwọ" láàárín àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ ìsinmi, ilé ìyá Halya ni Corwin ti ń jẹun. Stefania ni orúkọ ìyá náà, obìnrin kúkúrú tí kì í ṣahun bó bá kan pẹ̀rógì, ìyẹ̀fun tí a fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀ sè.

"Corwin, ọmọ mi, mélòó lo ti jẹ?"

"Mi ò kà á, Mọ̀mí."

"Oníṣirò tí kò lè ka pẹ̀rógì! Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n ti wọ gàù."

Ọ̀rọ̀ ìyìn ló ba nǹkan jẹ́. Ní ìpàdé kan, ọ̀gá Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n béèrè bí ìṣirò àwọn ṣe dájú tó. Ìfẹ́ gun Corwin lẹ́ṣin. Ó ní, "Ojú Gbèdéke ni mo fi ń yẹ ti wa wò, Ọ̀gá. N kò tíì bá àṣìṣe níbẹ̀ rí."

"Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló ń kà á."

Ọ̀gá pa fáìlì iwájú rẹ̀ dé. "Nígbà náà, a ó rà á, a ó sì tì í. Àwa nìkan ni yóò máa rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta títí a ó fi kàn sí ẹni tó ni ín."

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, pẹ̀rógì méjì péré ni Corwin jẹ. Stefania fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò bóyá ibà ni.

Nígbà tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà pe Halya, ó pe Corwin sí etí odò.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀. Èmi gan-an ni mo yìn ọ́ títí ojú ọ̀gá fi wọ ibẹ̀."

"O jókòó sídìí tábìlì bàbá mi, ò ń jẹun, o sì mọ̀."

"Wọ́n ní kí n má sọ. Iṣẹ́ mi ni, Halya."

"Èmi wá ńkọ́, kí ni mo jẹ́?"

Corwin nawọ́ sí i, Halya sún sẹ́yìn.

"Ó ti ń rẹ̀ mí," ni Halya wí. "Ó ṣeé ṣe kí n tiẹ̀ tà á, ká ní ìwọ lo sọ fún mi. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí àlejò wá sọ ọ̀rọ̀ ilé mi fún mi."

Ó yí padà, ó lọ. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí Corwin bá pè é lórí fóònù, Halya kì í gbé e. Stefania kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kàn ń se pẹ̀rógì ju iye tí ẹni méjì lè jẹ lọ.

Nígbà tí ìdúnàádúrà Halya àti Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n lórí ìkànnì náà ku ọ̀la kí ó parí, Corwin wá kanlẹ̀kùn. Kò gbà láti wọlé.

"Wọn yóò ní kí o ṣèlérí pé o kò ní ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ́ láéláé. Má ṣe é. Bí o bá kọ̀, wọn yóò gbà fún ọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé wọ́n rán ọ ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọ̀gá pé mò ń bọ̀ wá sọ ọ́ fún ọ."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n kó ẹrù mi kúrò ní ọ́fíìsì."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Halya jáde sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ta ìkànnì náà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti ṣe ìlérí yẹn. Wọ́n bínú, wọ́n gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n tì í, ewé ti ń pọ́n lórí igi. Òun àti ìyá rẹ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìkíni ìdágbére ń wọlé láti ibi gbogbo. Bàbá àgbàlagbà kan ní ìlú Moose Jaw kọ̀wé pé òun àti aya òun tó ti dolóògbé ni àwọn jọ máa ń kà á ní òwúrọ̀. Lójijì, ojú ewé náà funfun báláú. Halya gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó sọkún títí ara fi tù ú.

Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Mọ̀mí, mo ń lọ sọ́dọ̀ Corwin."

Stefania ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Ìwọ àti ta ni?"

Wọ́n bá Corwin níbi tí ó ti ń wa ọ̀dùnkún lẹ́yìnkùlé. Stefania jókòó sínú ọkọ̀, ó sì yí gíláàsì sílẹ̀ dáadáa.

"Wọ́n ti tì í," ni Halya wí.

"Mo rí i. Ẹnu mi ló fà á. Forí jì mí." Corwin fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀. "Láti òní lọ, ohunkóhun tí mo bá mọ̀ tó kàn ọ́, ẹnu mi ni wàá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò sí ọ̀gá tí yóò tún fi kọ́kọ́rọ́ sí i."

Halya wò ó pẹ́. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ sì kún àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

"Èmi náà ṣe irú ìlérí yẹn fún ọ. Ó yá, gbọ́ èyí tó kàn ọ́: mo fẹ́ kí a fẹ́ ara wa. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

"Irọ́ ni!" Ohùn kan ti inú ọkọ̀ jáde. "Èmi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, lójú ọ̀nà!"

Corwin kò jọ̀wọ́ ọwọ́ tí ó dì mú. Ẹ̀rín àti ẹkún ń bá ara wọn jà lójú rẹ̀. "Mọ̀mí, kí lẹ wá dá a lóhùn?"

"Mo ní kó tẹná, ká tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ!"